Búkà Tí Mo Júwe fún Àlejò

9 Júùnù, Mọ́ńdè

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Yàrá kejì tún ń jò. Mo gbé korobá sí abẹ́ ojú ibẹ̀, mo sì sọ fún Refugio kó fi aṣọ bò ó kí àwọn àlejò tó ń gba yàrá lọ́dọ̀ wa má baà rí i. Àbúrò mi yìí wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí omi ń kán sí létí ní gbogbo òru, ṣé ẹ rò pé aṣọ lẹ máa fi tàn án ni?" Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó mú lára rẹ̀. Gbogbo ara tó kù ti gbẹ.

Àwọn tọkọtaya tó dé láti Chile lánàá, Lautaro àti Javiera, fẹ́ jẹ pósólè, ọbẹ̀ àgbàdo ilẹ̀ wa. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, Mọ́ńdè ni wọ́n rí. Ìyá Chayo tí mo máa ń rán àlejò sí lẹ́yìn ọjà kì í ta ọbẹ̀ àgbàdo lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ti júwe ibi búrẹ́dì gidi fún wọn, mo ti sọ ìgbà tí wọn ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo ti kìlọ̀ fún wọn nípa omi ẹ̀rọ, mo rò pé ó parí. Ni Javiera bá tún tẹjú mọ́ mi: "Màmá Otilia, ẹ̀yin lẹ mọ ìlú yìí. Níbo ni ká lọ?" Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ aránbàtà, kí wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé ìtajà oògùn. Wọ́n á rí ilẹ̀kùn búlúù kan tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Kí wọ́n kàn án. Mo tún fi kún un pé ẹyẹ kan wà nínú àgò lẹ́nu ọ̀nà. N ò mọ ibi tí mo ti rí ẹyẹ mú.

Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ògiri ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ? Ìyá wa kọ́ wa pé ẹni tó bá sọ fún àlejò pé òun ò mọ̀, onítọ̀hún ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú nìyẹn, àti pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò níwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo ará ìlú Mẹ́síkò yìí. Wọ́n á rìn títí, wọ́n á rí nǹkan míì jẹ, wọ́n á sì gbà pé àwọn làwọn ṣìnà.

10 Júùnù

Inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe jáde láti yàrá láàárọ̀. Lautaro dì mọ́ mi kí n tó gbé kọfí kalẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣeun o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò jẹ irú ọbẹ̀ àgbàdo bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹyẹ yẹn ló yà mí lẹ́nu," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ó kàn ń wò wá ni. Kò dún rárá."

Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí mo jáde lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo gba ibẹ̀ kọjá. Ògiri náà ni, pósítà orin àtijọ́ tó ti ya ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka kàn án. Aránbàtà gbójú sókè láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó kí mi, mo kí i padà, mo sì ṣe bí ẹni tó ń wá ẹni tó ya pósítà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ti di ọgọ́ta pẹ́sò ní kílò kan. Olè ni gbogbo wọn.

13 Júùnù

Òjò. Gáàsì tán lórí ẹ̀wà. Ọkùnrin onígáàsì kọjá, ó ń pariwo bí ìṣe rẹ̀, ìgbà tí mo fi débi fèrèsé, ó ti yà sí òpópónà kejì.

22 Júùnù, Sọ́ńdè

Refugio bá àwọn ìyá yòókù tí ọmọ wọn sọnù jáde láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti àwòrán. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná. Òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n ń padà lẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́fà nìyí tí Uriel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tí a ò rí i mọ́. A ò rí bàtà, a ò rí egungun. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Mi ò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ obìnrin méjì kan dé láti Guatemala. Wọ́n bi mí ibi tí wọ́n ti lè jẹun ọ̀sán. Mo mọ ibi rere bíi mẹ́wàá tó ń ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ̀kan nínú wọn? Mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo júwe ilẹ̀kùn búlúù.

Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run ya. Òjò oníyìnyín, omi débi ọrùn ẹsẹ̀ lójú títì. Refugio wọlé bí ẹni tí wọ́n yọ nínú kànga. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ méjèèjì dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, aṣọ wọn gbẹ, bàtà wọn gbẹ, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

"Oòrùn ibẹ̀ yẹn pọ̀ díẹ̀," ló wí. "Àgbàlá ni wọ́n gbé tábìlì wa sí. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n gbé wa sábẹ́ ibòji."

Mo wo fèrèsé. Yìnyín ṣì ń bọ́ sórí páànù. Àwọn náà rí i, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó yà wọ́n lẹ́nu.

23 Júùnù

Àwọn olùkọ́ ò jẹun àárọ̀. Ebi ò pa wọ́n. Wọn ò jẹ ti ọ̀sán náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti pinnu pé mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

14 Júláì

Baba Olivera dé láti Uruguay. Ọkùnrin arúgbó tó ń wọ táì nínú ilé, tó ń fà á tọ́ kó tó jókòó ti ẹyin dídín. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn méjèèjì ti jọ ń gbèrò láti wá sí ìlú yìí láti ìgbà èwe, ni òun bá dá wá. Ó ń ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ Don Abundio ní ìkóríta lójoojúmọ́, ó sì ń kà á sókè fún Refugio bó ṣe ń fọ àwo. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín àbúrò mi kẹ́yìn.

17 Júláì

Ibi tí mo rán Baba Olivera sí lánàá ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ata ti pọ̀ jù. Ti ìjẹta, iyọ̀ ò tó. Lónìí ó ní, "Màmá Otilia, mi ò fẹ́ dà yín láàmú. Ibì kan tí wọ́n ti ń sebẹ̀ bí ìyá ẹni ṣe ń sè é ni mo ń wá. Ṣé kò sí ni?" Ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an bó ṣe ń sọ ọ́. Mo jókòó, mo di ẹnu mi mú. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo dì í mú. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ẹnu náà ń sọ pé kó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́.

18 Júláì

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Refugio ń da kọfí. Baba Olivera ò mu ún. Ó ní òun yó láti àná. Ó wá ń sọ nípa ọmọkùnrin tó gbé oúnjẹ fún un.

"Ọmọ tó mọ̀wàá hù. Gbogbo èèyàn ló ń pè ní ọ̀gá. Ó máa ń súfèé láti ibi eyín iwájú rẹ̀ tó kán. Mo kọ́kọ́ rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ṣíbí kalẹ̀, nítorí apá òsì ló ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọlọ́wọ́ òsì ni."

Mo rí i tí ọwọ́ Refugio dúró.

"Mo fẹ́ wí pé ọbẹ̀ náà gbóná jù, ó kàn já ọsàn wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, 'Ẹ fún ọsàn sí i ná, ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó ṣàròyé.'"

Ọ̀rọ̀ ìyá wa nìyẹn. Inú ilé ìdáná wa ni ìyá wa ti ń sọ ọ́, Uriel ló sì jogún rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. N ò gbọ́ ọ níbòmíràn rí. Kọfí ti kún ife, ó ń ṣàn sórí aṣọ tábìlì, kò sì sí ẹni tó gbé ọwọ́.

Refugio bi í, ohùn rẹ̀ ò ga, "Ṣé ó bi yín ní nǹkan kan, bàbá?"

"Ó bi mí ibi tí mo dé sí. Mo ní ọ̀dọ̀ Màmá Otilia ni." Baba Olivera rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní, ṣé yàrá kejì ṣì ń jò?"

Mo sọ òtítọ́ fún àbúrò mi nínú ilé ìdáná. Mo ní irọ́ ni mo pa, pé kò sí búkà, pé èmi ni mo fi ẹnu dá ilẹ̀kùn àti ẹyẹ sílẹ̀ nítorí pé ojú ń tì mí láti ní mi ò mọ̀. Mo fi orúkọ Jésù búra. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ lè fi ẹnu dá ilẹ̀kùn sílẹ̀," ó ní. "Ẹ lè dá ẹyẹ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ò dárúkọ Uriel fún ẹnikẹ́ni, àbí ẹ dá a?"

Mi ò dá a.

19 Júláì

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ, Baba Olivera ṣíwájú. Nígbà tó dé iwájú ògiri, ó dúró, ó fa táì rẹ̀ tọ́, ó ní, "Ibí ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ti ilẹ̀kùn." Ó lọ sókè, ó padà wá sísàlẹ̀. Ojú tì í débi tí mo fi káàánú rẹ̀.

Refugio gbé etí lé ògiri lójú gbogbo ayé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ìtọ̀ ajá ni èmi gbọ́.

22 Júláì

Baba Olivera ò sùn sílé lánàá. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lórí tábìlì. Refugio ló rí i nígbà tó ń jáde lọ́sàn-án. Ó ní ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù, ó sì mú àwòrán ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú férémù. Ó sọ fún un pé òun nìkan lòun ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, torí pé ọjọ́ tí òun dá lọ lòun rí i.

25 Júláì

Ọlọ́pàá méjì wá. Wọ́n bi mí ibi tí mo júwe fún un. Mo ní ìyá Chayo. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ọ̀kan wo inú àpótí, ó ní bóyá arúgbó náà rí obìnrin. Wọ́n mu kọfí, wọ́n lọ. Gbogbo ìgbà tí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, mo ń rò pé òun ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè láti Montevideo, ó ń sunkún, èmi náà sì sunkún nítorí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n gbádùn. Èmi ni mo rán an lọ.

3 Ọ́gọ́sítì

Refugio ti rò ó títí, ó sì ti rí i já. Ó sọ ọ́ fún mi bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

"Gbogbo àwọn tó débẹ̀, àlejò ni wọ́n. Ẹ̀yin àti èmi, a mọ̀ pé ògiri ni, ògiri náà la rí. Baba Olivera bá wa lọ, àwa ló jẹ́ kó rí ògiri. Ẹni tí kò mọ àdúgbò yìí rárá, tó bá béèrè, tí wọ́n sì júwe fún un, yóò débẹ̀."

"Abèèrè kì í ṣìnà," ni mo fi dá a lóhùn. Àpárá ni mo fi ṣe, kí n lè rí ẹ̀rín lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti rí i," ó ní.

"Refugio, ọkùnrin yẹn ò padà."

"Ṣé ó jọ ẹni tí wọ́n fipá mú? Ó fá irùngbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Tó o bá lọ, èmi ńkọ́?" Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Àwa méjì péré ló kù nínú gbogbo ilé wa.

11 Ọ́gọ́sítì

Wọ́n tún òrùlé ṣe. Yàrá kejì ò jò mọ́. Refugio kó kúrò nínú yàrá rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá kẹta, ti àlejò. Ó ní ibẹ̀ tutù díẹ̀.

20 Ọ́gọ́sítì

Lónìí ó bi mí ibi tí iyọ̀ wà. Ogójì ọdún ó lé ni iyọ̀ ti wà nínú ìkòkò amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Mo nawọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

29 Ọ́gọ́sítì

Kò lọ sọ́jà mọ́. Tó bá fẹ́ jáde, ó ń bi mí apá ibi tí ìkóríta wà. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri ilé bó ṣe ń rìn lọ sí ilé ìwẹ̀, bí ẹni tó dé lánàá. Ó gé irun rẹ̀. Ó ń dojú àwòrán ìyá wa dé kó má baà rí i.

Mo bínú. Mo ní, "Refugio, ó tó gẹ́ẹ́! Ta ni mò ń jẹ́?"

Ó wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àlejò ṣe ń wo onílé. "Màmá Otilia ni wọ́n ní kí n máa pè yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Gbogbo àwọn tó wà nínú ilé."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ eré, mo mọ àbúrò mi, ojú rẹ̀ ìbá ti tú u fó. Mo wo ojú náà dáadáa. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa.

7 Sẹ̀tẹ́ńbà, Sọ́ńdè

Àwọn ìyá yòókù wá pè é. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ó bi wọ́n bóyá yàrá ni wọ́n ń wá. Aurelia tó ń gbé gọ́ọ̀mù gba orí èjìká Refugio wò mí. Mo ní ara rẹ̀ ò yá ni.

Wọ́n fi àwòrán Uriel kan sílẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ọmọ tó dára." Ó sì bú sẹ́kún, kò sì mọ ohun tó ń sunkún fún. Mo dì í mú títí tó fi sùn.

11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹyin ti wọ́n sí i. Tọkọtaya láti Colombia bi mí ibi tí wọ́n ti lè jẹ ẹran sísun. Mo rán wọn síbi tí mo mọ̀, tí mo fi ojú ara mi rí, tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn.

12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nígbà tí mo jí, yàrá kẹta ṣófo. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ dáadáa, kọ́kọ́rọ́ ilé wà lórí ìrọ̀rí. Àpótí pupa ìyá wa kò sí lórí àjà mọ́.

Mo sáré jáde, mo dé ìdí ọkọ̀ ojú irin, mo padà sílé. Mo jókòó sí iwájú fèrèsé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Òjò ò rọ̀. Ní ọ̀sán gangan, agogo ẹnu ọ̀nà dún.

Òun ni. Ó wọ fìlà kan tí n ò mọ̀, ó gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ bí ojú ẹni tó sùn nínú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Àlejò ni mí, mi ò mọ ìlú yìí rárá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ibi rere. Níbo ni mo ti lè rí ọbẹ̀ àgbàdo jẹ, tó dà bí èyí tí ìyá ẹni ń sè?"

Mo mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe. Bí mo bá júwe, yóò lọ, yóò débẹ̀, kò sì ní padà. Bí n kò bá júwe, yóò wà lọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ mí. Mo rí ẹnu ara mi tó ti ń là láti sọ ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́. Mo fi eyín gé ahọ́n mi. Nígbà tó yá, mo sọ ohun tí n ò sọ fún àlejò kankan rí láyé mi.

"Mi ò mọ̀."

Mo rò pé mo rí àbúrò mi lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, bí ẹni tó yọjú lẹ́yìn aṣọ fèrèsé tó sì padà. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba.

"Kò burú, mà. Ẹ ṣeun náà."

Mo ní kó wọlé wá jókòó, mo ní kó wá mu omi, mo ní mo ní yàrá. Mo di apá rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kejì tú ìka mi kúrò, ní pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń tú ti aṣiwèrè. Ó gbé àpótí rẹ̀.

Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n bí sí ìlú yìí ni? Ó rìn lọ sí ìkóríta, sí ọ̀dọ̀ Don Abundio oníwèé ìròyìn. Mo rí i tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tí Don Abundio dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, tó bọ́ fìlà, tó na apá rẹ̀ gbọọrọ, tó sì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tó ti máa yà àti ibi tó ti máa tún yà. Mo pariwo. Mo sáré. Bọ́ọ̀sì kan kọjá láàárín wa, kò pẹ́ rárá, ìgbà tó fi lọ tán, Don Abundio nìkan ló wà níbẹ̀.

"Níbo lẹ júwe fún un?"

"Ibi tó béèrè ni, Dọ́nyà Otilia."

"Ṣé ẹ mọ ibẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀?"

"Refugio ni, Don Abundio. Refugio àbúrò mi. Ẹ ti ń ta ìwé ìròyìn fún un láti ìgbà tó wà ní kékeré."

"Àlejò ló pe ara rẹ̀," ó ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó dáa. Ẹ júwe rẹ̀ fún èmi náà."

Ó na apá rẹ̀ gbọọrọ. Kì í ṣe apá ibi tó kọ́kọ́ nà sí.

Mo lọ síbi ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo bi aránbàtà bóyá ó rí obìnrin kan tó gbé àpótí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Mo bi í àwọ̀ àpótí náà. Ó ronú díẹ̀, ó wò mí lójú kó lè mọ èyí tí mo ń fẹ́, ó ní dúdú ni.

13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọlọ́pàá ní kí n mú àwòrán rẹ̀ wá.

21 Sẹ̀tẹ́ńbà, Sọ́ńdè

Mo bá àwọn ìyá náà jáde. Aurelia kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po gọ́ọ̀mù kó má baà tètè ṣí. Mo lẹ Refugio mọ́ ẹ̀gbẹ́ Uriel.

2 Ọkitóbà

Òjò ti dáwọ́ dúró. Mo ti yọ orúkọ ilé wa kúrò lórí ẹ̀rọ ayélujára, n kò gba àlejò mọ́.

Láàárọ̀, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé ìparí ọ̀nà, mo máa ń fi aṣọ bo orí, mo sì máa ń padà wá pẹ̀lú àpótí kékeré bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ń gbìyànjú láti má ṣe mọ orúkọ òpópónà. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó, fún ọlọ́pàá ojú títì, fún àlùfáà tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, pé àlejò ni mí, pé ẹ jọ̀ọ́, búkà kan tó ní ilẹ̀kùn búlúù, obìnrin kan lè wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì kan náà sì lè wà níbẹ̀. Gbogbo wọn dúró dè mí. Gbogbo wọn na ọwọ́. Ọ̀kan sin mí dé ìdajì ọ̀nà. Mo ń lọ síbi gbogbo tí wọ́n júwe.

Títí di òní, kò tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ fún mi pé òun ò mọ̀.